Oúnjẹ Inú Ìyàrá Ọmọ Mi

Ọjọ́rú, 4 oṣù kejì

Wọ́n tún ti da tòmátì sí kòtò. Mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra ìṣó ni mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí agbọ̀n mẹ́wàá, ó pupa yòò, eṣinṣin ti bò ó. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò wá. Owó agbọ̀n kan kò ra búrẹ́dì lásìkò yìí. Bó bá di oṣù karùn-ún, ẹni tó bá rí ẹyọ kan á fi pamọ́ fún aláìsàn.

Nọ́ọ̀sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo oúnjẹ oṣù kẹfà." Mo ní èmi ò rí ju oúnjẹ eṣinṣin lọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo lè kan àpótí kan fún òun tó máa fi oòrùn gbẹ nǹkan. Mo ní èmi tí mo kan pósí kékeré mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkeje, kí ló kù tí mi ò lè kàn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán ló tó dùn mí. Méjì nínú àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, ọwọ́ Nọ́ọ̀sì yìí náà ló gbẹ̀bí wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ẹ̀yìn páálí oògùn ló ya àwòrán rẹ̀ sí fún mi. Àpótí gígùn, inú rẹ̀ dúdú, ọ̀rá tó mọ́ gaara lórí, ihò nísàlẹ̀ níwájú kí atẹ́gùn lè wọlé, ihò lókè lẹ́yìn kí ooru lè jáde. Àtẹ mẹ́ta nínú rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ni ìdí wọn. Kò gba iná, kò gba epo. Ó ní tí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, ohun tó bá jáde nínú rẹ̀ lè lo ọdún kan kó má bàjẹ́.

Mo ti ń rò ó látàárọ̀. Kì í ṣe tòmátì ni mò ń rò. Ọmọ mi obìnrin ni. Lọ́jọ́ tó ń lọ ní oṣù kẹfà tó kọjá, kò sí nǹkan kan nílé mọ́ ju àgbàdo tí a fẹ́ gbìn, a sì ti sè é jẹ. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan ṣoṣo. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ wáṣẹ́, kí ẹnu dín kan." Kí ẹnu dín kan. Ọmọ tí mo bí.

Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti lọ. Ilé olówó kan ló wà, ó ń bá wọn tọ́jú ọmọ.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo gun òkè lọ. Orí àpáta yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sì ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń fún un láyè. Ohùn rẹ̀ kéré. Mo bi í bóyá ó ń jẹun, ó ní ó ń jẹun. Mo bi í bóyá ibi tó ń sùn ń jò, ó ní kò jò. Mo bi í bóyá ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ nínú, ó kàn ní "Bàbá" ni, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè mí tí ọ̀rọ̀ mi bá ti pọ̀ jù.

Mo sọ ọ̀rọ̀ àpótí náà fún un. Mo ní bí oúnjẹ bá ṣì wà nílé yìí nígbà tó bá fi di oṣù kẹfà, ṣé á padà wálé. Ó ní, "Tó bá wà, a ó sọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni mo gba ìyẹn sí.

Ọjọ́rú, 11

Pákó ti wọ́n kọjá agbára mi. Mo wo ibùsùn ọmọ mi ọkùnrin. Ọdún kẹfà rèé tí kò ti fi ẹ̀yìn kàn án. Ìlú ńlá tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ló ń sùn, òun àti awakọ̀ mẹ́ta nínú yàrá kan. Mo tú u. Pákó náà ti gbẹ dáadáa, kò ní tẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tí mo fa ìṣó àkọ́kọ́ yọ, ó ké bí ẹni ń bèèrè ohun tí òun ṣe. Mo ní kó má bínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Àpótí kìíní parí. Télọ̀ wá wò ó. Kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí, láti ìgbà náà ni ẹnu rẹ̀ sì ti mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó yí àpótí náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Káfíńtà, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, tòmátì la fẹ́ sá síbẹ̀.

Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Tòmátì, sùn re o. Ọmọdé ni, kò tíì fojú kan ìkòkò."

Àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú. Ó di orúkọ rẹ̀ nìyẹn, pósí tòmátì. Mi ò bínú. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti wọ inú ọgbà mi kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́. Mo gé e nípọn jù. Ara rẹ̀ gbẹ, àárín rẹ̀ ń sunkún, èèrà sì gba ẹsẹ̀ àpótí gòkè wá bá a jẹ. Nọ́ọ̀sì ní kó má ṣe nípọn ju pẹ́ńsùlù tó wà létí mi lọ, kí n sì ki ẹsẹ̀ àpótí sínú agolo omi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Ó gbẹ! Odindi agbọ̀n kan kò ju ike kékeré méjì lọ. Mo ká ẹyọ kan, ó ká bí awọ, omi kankan kò jáde. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó jí, ó pupa, àfi bíi pé àárọ̀ yìí ni wọ́n já a. Mo fẹ́ pe ẹnì kan kó wá wò ó. Mo ti kọjú sí ìdí ààrò kí n tó rántí pé ọdún kẹta rèé tí ìyá wọn ti kú.

Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ilé mẹ́fà ló wá jókòó sínú ọgbà mi. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dé, ó gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa èkejì lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ewé tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ló ń sè fún wọn. Ó ní tí ó bá jẹ́ pósí ni wọ́n máa fi bọ́ àwọn ọmọ òun, òun fara mọ́ ọn.

Àdéhùn tí a ṣe rèé: kí kálukú kó ohun tó ń bàjẹ́ lóko rẹ̀ wá, tòmátì, ata, ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́. Kí a jọ gé e, kí a jọ sá a, kí a kó o pa mọ́ sójú kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Gbogbo wa la mọ ara wa. Bí ó bá wà lábẹ́ ibùsùn olúkúlùkù, kò ní rí oṣù kẹrin.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí a máa kó o sí. Télọ̀ nawọ́ sí mi. Ó ní ilé Káfíńtà ni, ẹnu kan ló wà níbẹ̀, kò sí ọmọ tó máa yọ́ bù ú jẹ. Òótọ́ ló sọ, kò sì ní i lọ́kàn láti fi gún mi. Mo ní ìyàrá ọmọ mi obìnrin wà, ó gbẹ, oòrùn kì í wọ ibẹ̀.

Mo ká ẹní rẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo gbé e sórí àjà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta

Àpótí ti di mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ra dúrọ́ọ̀mù oníke mẹ́ta tó ní ọmọrí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọṣẹ, a fọ̀ wọ́n títí òórùn fi lọ. Ọ̀kan fún tòmátì àti ata, ọ̀kan fún ọ̀dùnkún, ọ̀kan fún ẹ̀fọ́. Ó kìlọ̀ fún wa bí ìgbà tó ń gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́: ohun tó bá jáde nínú àpótí, ẹ tẹ́ ẹ síbi òjìji kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Ooru tí a bá dé mọ́nú, omi ló máa dà. Ó jẹ́ kí kálukú wa tún un sọ. Télọ̀ ní òun ò tíì gba katikísìmù báyìí rí.

Àwọn obìnrin ń gé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wọn. Ọgbà kún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣa ọbẹ wọn, wọ́n lọ. Mo gbá èèpo jọ. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Ọmọ mi ní ọmọ tí òun ń tọ́jú ti ń pe òun ní Màmá. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún tó ń jẹ́ Màmá fún ọmọ ẹlòmíràn, ìgbà wo ló máa bí tirẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún, kò mú ìyàwó kankan wá hàn mí. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó má máa wakọ̀ ní ìdájí. Ó dá mi lóhùn pé ìdájí ni èrò máa ń pọ̀, ó sì bi mí bóyá tòmátì gbígbẹ ni mo fẹ́ fi lo ọjọ́ ogbó mi.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Iṣẹ́ pọ̀ jù lónìí. Oòrùn mú gan-an, àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Aago méjì ni àwọn obìnrin ti lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní kí n bá wọn kó o. Mo da tòmátì lé ti inú dúrọ́ọ̀mù, mo da ọ̀dùnkún lé tirẹ̀, méjèèjì kún. Nígbà tí mo wo aago, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ó lu mẹ́rin, ọ̀nà òkè sì tó ìdajì wákàtí fún ẹsẹ̀ mi. Àwọn nǹkan náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, kò ju díẹ̀ lọ. Mo dé wọn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sáré.

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbé e. Mo dúró títí oòrùn fi wọ̀, torí ó lè jẹ́ pé ó ń fọ nǹkan lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Ó gbé e. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé ọmọ yẹn lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìṣẹ́jú méjì péré la fi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 30

Tòmátì ti ń tán lóko. Agbọ̀n tí wọ́n ń dà sí kòtò ní oṣù kejì ti di ohun tí wọ́n ń kà ní ẹyọ ẹyọ tà. Ìyá Ìbejì wá bi mí bóyá dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tó fún ilé mẹ́fà. Mo fi pẹ́ńsùlù ṣírò rẹ̀ fún un lára ògiri: ife kan fún orí kan lọ́sẹ̀, ó dé àárín oṣù keje, ìgbà tí àgbàdo máa ń gbó. Ó wo ìṣirò náà pẹ́. Kò mọ̀wé. Ó kàn fẹ́ máa wò ó ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹrin

Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù tòmátì. Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi. Omi ń kán láti ara ọmọrí. Gbogbo òkè rẹ̀ ti bu, ó hu irun funfun bí àgbọ̀n arúgbó. Mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ra, ó ń yọ̀. Mo ṣí ti ọ̀dùnkún. Bákan náà. Ti ẹ̀fọ́ nìkan ni kò ṣe nǹkan kan.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìyàrá ọmọ mi. Mo mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ wákàtí rẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́rú, 8

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo lè ní ọmọrí ló sán. Mo lè ní ara dúrọ́ọ̀mù yẹn ni, pé ọṣẹ kò tíì tán lára rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń to irọ́ náà bí ẹni to pákó, èyí síbí, èyí sọ́hùn-ún, ó sì bá ara mu, kò sí àlàfo. Bó ṣe bá ara mu tó ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo pè wọ́n. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù méjèèjì síta, mo ṣí wọn, mo jẹ́ kí gbogbo wọn rí i. Ìyá Ìbejì sún mọ́ ọn, ó ní ṣé a ò lè fọ̀ ọ́, ká gé ibi tó bu kúrò. Nọ́ọ̀sì ní kò ṣeé ṣe. Ohun tí ojú rí lókè yẹn, gbòǹgbò rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀, ó lè pa ọmọdé. Ìyá Ìbejì ṣì di etí dúrọ́ọ̀mù mú.

Mo ní èmi ni. Mo ní mo dé e nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó kọjá, nítorí aago mẹ́rin ti fẹ́ lù, mo sì fẹ́ lọ pe ọmọ mi.

Télọ̀ ní, "Nítorí fóònù."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkùnrin kan nínú wọn, èyí tó ń fọ́ òkúta, bú mi. Mi ò ní kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tọ́ sí mi. Mo ń wolẹ̀. Ìyá Ìbejì ló wá dojú kọ mí, ohùn rẹ̀ ò le rárá.

"Ṣé ó gbé e?"

Mo ní, "Rárá. Kò gbé e."

Ẹni tó ń fọ́ òkúta pàápàá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Télọ̀ ló fọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Ó dáa. Kí ló kù lóko?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

A gbẹ́ kòtò, a da gbogbo rẹ̀ sí i. Mo kan àwọn pósí yẹn lọ́dún tó kọjá, mi ò sunkún. Lónìí mo sunkún nídìí tòmátì. Télọ̀ rí mi, kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ohun tó kù lóko: ọ̀dùnkún tí àwọn ènìyàn ò tíì wú, ewé ẹ̀wà, àti máńgòrò, tó ti ń jábọ́ bí òjò. Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní máńgòrò ń gbẹ dáadáa tí a bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Òjò á bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn náà, kò sí oòrùn tí a lè gbọ́kàn lé.

Kò sí dúrọ́ọ̀mù mọ́. Kálukú ń kó ike kéékèèké wá, ìgò, agolo wàrà tó ní ọmọrí, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ọ̀kan náà ló máa jẹ́. Òfin tuntun sì wà: ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá dé ohunkóhun. Ọwọ́ méjì gbọ́dọ̀ kàn án, kí ẹni méjèèjì jọ sọ pé ó tutù. Wọn ò sọ pé nítorí mi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Mi ò gun òkè lónìí. Máńgòrò wà nínú oòrùn. Ní aago mẹ́rin, mo dúró létí àpótí, mo kọjú sí òkè yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ẹsẹ̀ mi wú. Ọbẹ ti gé mi níka méjì. A ti ní ike mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Mo gun òkè. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá òun pè mí, òun ò rí mi. Ó bi mí bóyá ara mi dá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bi í bóyá ó ń jẹun.

Ọjọ́rú, 29

Òjò ti dé ṣáájú àkókò, ọjọ́ kejì rèé. Àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún fún máńgòrò tí kò tíì gbẹ dé ìdajì. Bí ó bá di ọ̀la, ó máa kan. A gbé wọn wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Ọjọ́bọ̀, 30

Télọ̀ dé láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ru àpò èédú tó fi ń lọ aṣọ, ó sì gbé ìkòkò èédú dání. Ó ní ṣebí ooru la ń wá, ta ló sọ pé oòrùn nìkan ló ni ooru. A gbé ẹyin iná síwájú ihò ìsàlẹ̀, ẹyin iná tí kò rú èéfín, díẹ̀ díẹ̀, èmi nídìí àpótí méjì, òun nídìí méjì. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú. Máńgòrò gbẹ. Ó rùn díẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Télọ̀ ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi pé òun ló ronú rẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù karùn-ún

Ó yẹ kí a ṣí i lónìí. A ò ṣí i. Ike mẹ́rìnléláàádọ́rin àti dúrọ́ọ̀mù ẹ̀fọ́ kan kò lè dé oṣù keje tí a bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. A sún un sí ogúnjọ́. Ìyá Ìbejì gbà, ó gbé ọmọ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Àgbàdo gbígbẹ ti di ìlọ́po mẹ́rin iye tó jẹ́ ní oṣù kejì. Mo ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Oúnjẹ wà nínú yàrá kejì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Mo ti ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé kí n má baà máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

Ọjọ́rú, 20

A ṣí i. Ike àkọ́kọ́, gbogbo wa na ọrùn. Ó gbẹ, ó ń ta sánsán. Ìyá Ìbejì kó ipa tirẹ̀ sínú ìṣẹ́po aṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Mo kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan àti iye orí. Tèmi, ife kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà

Òjò, òjò, òjò. Bí mo bá ti ṣí ike mẹ́ta wò láàárọ̀, mo máa ń tún gbóòórùn gbogbo ìyókù. Télọ̀ ní mo ti dà bí ajá ọdẹ.

Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí òun tọ́ ọ wò. Mo yọ máńgòrò díẹ̀ nínú tèmi, mo fi rán awakọ̀ tó ń kó igi lọ sílùú ńlá. Ó ní àwọn awakọ̀ mẹ́ta yẹn jẹ ẹ́ tán kí òun tó bọ́ bàtà. Ó ní òótọ́ ni, ó dùn. Ọmọ yẹn kì í yin nǹkan.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó wá wọn pósí kékeré lọ́dọ̀ mi lọ́dún yìí. Mo ń kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rù.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Láti àná ni mo ti ń tò ó lẹ́nu, ohun tí mo máa sọ. Mo wọ ẹ̀wù tó mọ́. Ẹ̀wù tó mọ́, láti fi lọ pe fóònù.

Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní oúnjẹ wà. Mo ní oṣù kẹfà la wà yìí, oúnjẹ ṣì wà, ó máa dé ìkórè, ó sì máa ṣẹ́ kù. Mo ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìyàrá rẹ̀ máa ṣófo, mo máa kùn ún, mo máa kan ibùsùn tuntun síbẹ̀. Mi ò jẹ́ kó mí. Nígbà tí mo sọ tán, mo gbọ́ ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi. Ebi kọ́ ló lé mi."

Mo ní kí ló wá lé e.

Ó ní, "Mi ò lè máa gbé ilé yẹn láìsí Màmá. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ìdí ààrò bá ti dún, mo máa ń rò pé àwọn ni. Ebi kàn jẹ́ kó rọrùn fún mi láti sọ pé mò ń lọ ni."

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kò burú. Mo ní kó máa jẹun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò já. Èmi ni mo ní ó dàárọ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún un rèé: èmi náà ń gbọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Èmi ni mo máa ń dìde lọ wò ó.

Ọjọ́rú, 24

Mi ò jáde lánàá. Lónìí Télọ̀ gbé aṣọ tó ń rán wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń gán ihò bọ́tìnnì títí di ìrọ̀lẹ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà tó fẹ́ lọ ló ní, "Ọ̀la ni ọjọ́ pínpín. Ilé mẹ́fà ló ń retí kọ́kọ́rọ́." Mo ní mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo pín in.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù keje

Ó pè mí fúnra rẹ̀. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Mi ò bi í nípa ìpadàbọ̀. Ó sọ fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti gé àlùbọ́sà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Àgbàdo gbó. Gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó tuntun wọlé lónìí, kò sí èyí tó jẹ irúgbìn rẹ̀, kò sí èyí tí ènìyàn dín nínú rẹ̀. Ike mẹ́jọ ló ṣẹ́ kù. Àwọn ìbejì ń fi ọmọrí wọn ṣeré nínú ọgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún. Ẹni tó ń fọ́ òkúta bọ̀ mí lọ́wọ́. Ilé mọ́kànlá láti òpin abúlé lọ́hùn-ún ti ń bèèrè àpótí. Nọ́ọ̀sì ní mẹ́wàá á tó, Télọ̀ ní kí n máa wọn pákó, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé èédú òun. Mo ní mo máa kàn wọ́n. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀, lẹ́yìn náà kálukú gba ilé rẹ̀ lọ láti lọ dáná.

Mo se àgbàdo tuntun mẹ́ta. Mo jẹ méjì, mo yó. Ọ̀kan ṣẹ́ kù nínú àwo.